Philomène àti Àáró Ọjọ́bọ̀

Ìka Sàdíátù ló kọ́kọ́ gbéra. Ìka kan ṣoṣo, èyí tí a fi ń tọ́ka sí nǹkan. Ó kúrò lórí tábìlì díẹ̀díẹ̀, ó ga tó igi ìṣáná kan, epo àárọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀. Ni Jẹ́láàní, tó jókòó ní ìkángun àga gbọọrọ, bá wúkọ́. Ó kàn wúkọ́ ni. Ìka náà ká kò, ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọwọ́ kejì sì bò ó mọ́lẹ̀.

Philomène rí i. Iwájú pátákó ló dúró sí, ẹfun lọ́wọ́, ó sì ti ń wo ìka yẹn láti ìgbà tó ti gbéra.

"Sàdíátù, kí lo fẹ́ sọ?"

"Kò sí, Màdámù."

"Ìka rẹ sọ pé ó wà."

"Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Jẹ́láàní bá sọ náà ni, Màdámù."

Jẹ́láàní kò sì tíì sọ nǹkan kan.

Oṣù kẹrin ọdún 1962 ni. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Dahomey máa ń sinmi. Gbogbo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Ifangni dá. Ọmọ mẹ́rin péré ló wà nínú kíláàsì, àti olùkọ́ wọn. Lórí pátákó, Philomène ti kọ ìbéèrè kan: Ewúrẹ́ ń wọ inú kíláàsì, wọ́n ń jẹ ìwé. Kí ni ṣíṣe?

Jẹ́láàní ló dàgbà jù nínú wọn. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn rẹ̀ ti ń ki. Nígbà tó wá yọ̀ǹda láti sọ̀rọ̀, ó ní:

"Kí a lé wọn."

Véronique, tó jókòó tẹ̀lé e, ní: "Kí a lé wọn, Màdámù."

Sàdíátù náà ní kí a lé wọn.

Ó ku Bàṣírù, tó kéré jù nínú wọn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tí wọ́n bá ń ṣeré níta. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Kí a lé wọn kíákíá," ló wí. Kíákíá yẹn ni tirẹ̀ tó fi kún un.

Philomène nu pátákó. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ìdíje ló fà á. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú, ti sọ pé orílẹ̀-èdè tuntun nílò àwọn ọmọ tó lè dá ọgbọ́n. Wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní agbègbè Sakété mú ọmọ mẹ́rin wá ní ìparí oṣù kẹfà. Wọ́n á fún wọn ní iṣẹ́ kan lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé kankan, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan tí nǹkan díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n ronú bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Kí wọ́n sì ṣe é.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Dieudonné, sọ ọ̀rọ̀ náà nídìí òpó àsíá, gbogbo olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn. Iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé, báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọ? Philomène nìkan ló ní òun á kó wọn. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́. Láti ọdún mẹ́rin ló ti ń tọrọ kíláàsì ńlá, èyí tí àwọn ọmọ ti ń gba ìwé ẹ̀rí, ọ̀gá a sì máa dá a lóhùn pé àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ti ga jù ú lọ.

"Bon," ni Dieudonné wí. Bon, ìyẹn "ó dáa" ní èdè Faransé, ló máa ń fi ṣí ẹnu, bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn. "Bon. Philomène, kó wọn. Bí wọn ò bá dójú tì wá ní Sakété, kíláàsì ńlá di tìrẹ ní oṣù kẹwàá. Bí wọ́n bá dójú tì wá, ìwọ àti àwọn ọmọ kéékèèké lẹ ó jọ máa kọrin adìẹ títí irun rẹ á fi funfun."

Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Philomène náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Kì í ṣe obìnrin tí nǹkan ń tètè dùn. Tchaada, abúlé kan tí kò jìnnà sí Ifangni, ni wọ́n bí i sí, nínú ilé àgbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ra ẹní àti ata, á rù ú dé Igolo létí ẹnubodè, á sọdá sí Ìdírókò, á tà á, á sì padà wálé pẹ̀lú ìròyìn tó pọ̀ ju owó lọ. Àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì ní Àjàṣẹ́ ló kọ́ Philomène níwèé. Ó kúrú. Àlejò tó bá wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ á bi í pé olùkọ́ yín dà. Àmọ́ ohùn rẹ̀ tóbi, tó bá ní kí ọmọ kan jókòó nínú kíláàsì, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà náà á wá àga. Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ló ń gùn, èyí tó ní irin gbọọrọ láàárín. Àwọn ará Ifangni sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan, ó sú wọn. Ìyá rẹ̀ ń béèrè ọkọ, òun ń béèrè kíláàsì ńlá. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò bínú sí ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ àwọn ọmọ mẹ́rin yìí. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ wọ́n láti kékeré, òun ló kọ́ mẹ́ta nínú wọn bí a ṣe ń di ẹfun mú. Lóde, wọ́n lè fi páànù àti okùn ṣe ohun tí yóò máa rìn. Nínú kíláàsì, tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé nìyẹn, kò sì burú nílé. Ta ni yóò kọ́ ọmọ láti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tún wá dá ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀ lálẹ́?

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Tchaada. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Séraphin ni àáró kàn. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é ti kọ ebè fún àwọn yòókù, wọ́n ti wá dé orí tirẹ̀, lẹ́yìn èyí wọ́n á kọjá sí oko ẹlòmíràn títí yóò fi yí ká. Ẹni tí oko rẹ̀ bá kàn ló ń bọ́ gbogbo wọn. Philomène gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja rù, ó tẹ̀lé ìyàwó Séraphin lọ sóko.

Apá kan wà nínú oko yẹn tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ọkọ́ ń dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń ha ìkòkò. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ràmọ́nù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àáró náà, na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Séraphin, ṣé ilẹ̀ lẹ pè wá sí ni àbí ojú ọ̀nà mọ́tò?"

Gbogbo ọkọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀:

"Poro méjì."

"Kí ni mo ṣe?"

"O bú oko tí àáró wà nínú rẹ̀," ni àgbàlagbà kan dá a lóhùn. "Poro méjì lé tìrẹ. Kì í ṣe ilẹ̀ bàbá rẹ, ìwọ ṣáà máa ro ó."

Ràmọ́nù kùn. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó kọ poro méjì lé tirẹ̀, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi dé ìparí. Kò pẹ́, orí òkúta wẹ́wẹ́ náà ti di ebè. Ebè tó wọ́, àmọ́ ebè.

Philomène ṣì dúró pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Philomène," ni Séraphin pè é, "ṣé ẹ̀kọ wa lo fẹ́ rù padà lọ sí Ifangni?"

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, kò kọ nǹkan kan sórí pátákó. Ó ti àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kí àwọn ọmọ jókòó yí ká lórí ilẹ̀. Ó da ẹ̀pà yíyan sáàárín wọn.

"Àáró la fẹ́ ṣe," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tí o bá mú wá, oko rẹ ni. Tí a bá dé oko ẹnì kan, gbogbo wa la máa ro ó. Kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ láìfi nǹkan kún un. Tó bá jẹ́ òkúta, a máa ro òkúta. Ẹni tó bá bú oko olóko, poro méjì, ìyẹn ni pé yóò wá ohun méjì fi kún un dípò ẹyọ kan."

"Ọ̀dọ̀ ta la ti máa bẹ̀rẹ̀?" ni Jẹ́láàní béèrè. Ó ti ń wúkọ́.

"Ìgbálẹ̀ ló máa sọ." Ó ti ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin, gígùn wọn ò dọ́gba. Ẹni tó bá fa èyí tó kúrú jù ni yóò ṣíwájú.

"Ta ló máa bọ́ wa?" Bàṣírù nìyẹn.

"Lónìí, èmi ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó fa igi tó kúrú jù."

"Mo mọ̀ pé wàhálà máa wà níbẹ̀."

Òun gan-an ló fa èyí tó kúrú. Ó wò ó, ó wo Jẹ́láàní, Jẹ́láàní ò lè sọ nǹkan kan, nítorí àáró ni, ẹnikẹ́ni tó sì wá láti ilé àgbẹ̀ mọ̀ pé nínú àáró, oko ọmọdé àti oko àgbà, bákan náà la ṣe ń ro wọ́n.

"Àwọn ewúrẹ́ yẹn," ni Bàṣírù wí, "kí a fún wọn ní ìwé tiwọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Véronique fi dojú bolẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí pé àwọn ló máa ro ó.

"Ìwé tiwọn," ni Véronique wí, ó ń nu ojú. "Ìyẹn ni pé oúnjẹ tiwọn. Èèpo ẹ̀gẹ́. Ilé gbogbo ló ń dà á nù."

"Kí a máa dà á sí ibì kan náà lójoojúmọ́," ni Sàdíátù wí. Ó wí i kíákíá, bí ẹni ń ju òkò. "Ibi tó jìnnà sí kíláàsì."

Ó kan Jẹ́láàní. Òógùn bọ́ sí i nímú. Látìgbà tó ti dáyé, kò tíì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn rí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ lé orí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n dúró dè é. Ẹ̀pà ń dín kù.

"Ẹ̀yìn ilé Ọ̀gá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá."

Wọ́n ṣe é. Lójoojúmọ́, kí agogo tó lù, wọ́n ń da èèpo ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ilé ọ̀gá. Kò pẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ Ifangni fi mọ ọ̀nà. Kíláàsì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú fèrèsé ọ̀gá ni wọ́n wá ń ṣèpàdé.

Èyí ló gbé Dieudonné wá sí àáró lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún. Ìbínú ló bá wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, awò lójú, bàtà rẹ̀ kò mọ́ rárá, a sì mọ ohun tó tẹ̀. Àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ lórí bí omi kànga yóò ṣe máa dé ọgbà ẹ̀fọ́ ilé ẹ̀kọ́ láìrù ú. Bàṣírù ló ni oko.

"Kí kànga fúnra rẹ̀ máa bọ̀ wá bá wa," ni Bàṣírù ń wí.

"Bon," ni Dieudonné wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ìsọkúsọ nìyí."

Gbogbo wọn dìde. Gbogbo wọn kí i. Bàṣírù fẹnu sétí Philomène, àmọ́ ohùn ọmọ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Màdámù, poro méjì."

Philomène wo ọ̀gá rẹ̀. Oṣù kẹwàá rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, nínú bàtà tó ti bàjẹ́. Tó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Tó bá sì dákẹ́, àáró ti tán nìyẹn. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí, ó tẹ orúnkún díẹ̀, "ẹ má bínú. Òfin àáró ni. Ẹni tó bá bú oko olóko, yóò ro poro méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

Dieudonné yọ awò rẹ̀. Ó nù ún. Bàbá rẹ̀ náà ro àáró rí, kò sẹ́ni tí bàbá rẹ̀ kò ro àáró ní ẹkùn yẹn. Kò jókòó lórí ilẹ̀, ó fìdí kan etí tábìlì.

"Bon. Bí kànga bá fẹ́ wá," ló wí, ó ń wo òkè àjà, "á gba ọ̀nà. Ọparun tí a là sí méjì, tí a to tẹ̀léra. Ẹyọ kan nìyẹn." Ó mú ẹ̀pà. "Ọ̀nà yẹn á máa dà gẹ̀rẹ́ láti orí kànga. A ní láti gbé orí rẹ̀ ga. Èkejì nìyẹn."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá," ni Bàṣírù kí i, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń kí ara wọn lóko.

Ọ̀gá mú ẹ̀pà sí i. Kò rántí sọ ti ewúrẹ́ mọ́. Àmọ́ nígbà tó ń jáde lọ, ó yíjú padà. "Adájọ́ tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ kì í jẹ ẹ̀pà o, Philomène. Màá wà níbẹ̀. Màá fi ojú ara mi rí i."

Ìparí oṣù kẹfà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ gbé wọn dé Sakété, ọ̀gá níwájú pẹ̀lú awakọ̀, Philomène àti àwọn ọmọ rẹ̀ lórí àpò. Véronique wé gèlè ìyá rẹ̀, èyí tuntun, òwú funfun olódòdó, tí ìyá náà rà ní Igolo tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì wé. "Tí ẹ̀rọ̀fọ̀ bá kàn án," ló ń sọ fún gbogbo wọn, "ẹ ò ní rí mi mọ́ láyé."

Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ló wá. Abẹ́ igi ọdán ni. Wọ́n ti gbé àmù kan kalẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àmù omi ńlá tó gúnwà sórí òkìtì bíríkì, omi kún un dé ẹnu. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìgò mẹ́ta tó ṣófo. Nínú apẹ̀rẹ̀: okùn, ọ̀bẹ, ọ̀pá ọparun méjì, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun, adájọ́ tó ti Àjàṣẹ́ wá, dúró sáàárín.

"Ẹ kó omi àmù yìí sínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí oòrùn tó dé àtàrí. Omi tí a lè fún àlejò mu. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé àmù, ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ dá a lu. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ohunkóhun bu omi. Ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ohun tó wà nínú ọgbà yìí, ohun tó wà lára yín, ẹ lè lò ó."

Àwọn olùkọ́ jókòó sẹ́yìn okùn. Wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Kíá, gbogbo ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ilé ẹ̀kọ́ kan sáré lọ gé igi ewé ìbẹ́pẹ, tó ní ihò láàárín. Òmíràn ń fi okùn di ọparun. Ẹnì kan ń pàṣẹ, àwọn yòókù ń sá.

Àwọn ọmọ Ifangni jókòó sílẹ̀. Wọ́n fa igi ìgbálẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" ni Dieudonné bi Philomène lábẹ́ ètè.

"Wọ́n ń ro oko."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi tán."

"Bon. Oòrùn náà ń ro tirẹ̀ o."

Ìgbà yẹn ni Philomène rí àṣìṣe rẹ̀. Nínú àáró, wọn kì í fi oko ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìro. Òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbọ́. Kò rántí kọ́ wọn pé ọjọ́ lè kánjú. Ó ń wò wọ́n níbi tí wọ́n ti rọra ń ro oko Véronique, ẹni tó ní kí àwọn dúró de òjò kó mú àmù kún àkúnwọ́sílẹ̀, ojú ọ̀run sì mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n ro ó yí ká. Wọ́n ro ti Sàdíátù, ẹni tó mẹ́nu ba igi ewé ìbẹ́pẹ. Wọ́n gbà pé ẹnu èèyàn ló máa fa omi inú rẹ̀, àlejò ò sì ní fẹ́ itọ́. Oòrùn ti kúrò lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ó kan Bàṣírù.

"Ẹ jẹ́ ká mú ajá kan wá," ni Bàṣírù wí.

Dieudonné bo ojú rẹ̀.

"Ajá kì í bu omi," ni Bàṣírù ń bá a lọ, ó ti rí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Kì í gbé àmù. Kò lọ́wọ́. Á kàn na ahọ́n sí i, omi á máa kán lẹ́nu rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bú u. Poro méjì ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti gbé ọkọ́ lé ilẹ̀ yìí.

"Ahọ́n kì í bu omi lóòótọ́," ni Véronique wí. "Ó kàn ń mu ún mọ́ra ni."

"Ká wá nǹkan tó rí bí ahọ́n," ni Sàdíátù wí. "Tó rọ̀. Tó ń mu omi mọ́ra, tó tún ń kán."

Ó kan Jẹ́láàní. Kò wúkọ́. Ojú rẹ̀ lọ síbi kan tó jìnnà.

"Akísà," ló wí. "Wọ́n ti nà mí torí akísà rí. Mo fi í kọ́ etí àmù ìyá mi lálẹ́, ìdajì nínú omi, ìdajì níta. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi ti kán wálẹ̀, gbogbo yàrá ti tutù. Wọ́n kọ́kọ́ na àbúrò mi pé ó tọ̀ sílé. Nígbà tí wọ́n rí akísà, wọ́n wá nà mí."

"Àbúrò yẹn, ṣé o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀?" ni Bàṣírù bi í.

"Jẹ́ ká ṣe èyí ná."

Aṣọ ò sí nínú apẹ̀rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, mẹ́ta nínú wọn wo orí Véronique.

"Rárá," ni Véronique wí.

"Ó mọ́," ni Sàdíátù wí. "Òwú ni. Kò tíì kan nǹkan kan."

"Ìyá mi á pa mí."

"Èmi fúnra mi ni màá bá ọ délé," ni Jẹ́láàní wí. "Èmi ni màá kúnlẹ̀."

Ó tú gèlè náà. Wọ́n fi ọ̀pá ọparun tì í wọ inú omi títí ó fi rin gbingbin. Wọ́n fa ìdajì rẹ̀ jáde sórí etí àmù, wọ́n lọ́ ọ, ìdí rẹ̀ sì wọ ẹnu ìgò. Adájọ́ wá, ó yí àmù ká, ó wo ọwọ́ wọn, ó sì lọ.

Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹyọ omi kan. Ó dúró ná, bí ẹni tó ń ro ó bóyá kí òun lọ. Ó kán. Òmíràn tẹ̀lé e.

"Bon," ni Dieudonné wí. "Mo ti rí ọmọ ọwọ́ tó ń tọ̀ ju èyí lọ."

Bàṣírù bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fẹ́ fi í kún gèlè.

"Omi àlejò ni wọ́n ní," ni Véronique wí. "Kì í ṣe ọbẹ̀."

"Poro méjì," ni Bàṣírù dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá.

Véronique wo gèlè ìyá rẹ̀ tó ń kán. Ó ní kí wọ́n ya ìdí rẹ̀ sí méjì, kó lè máa wọ ìgò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan nìyẹn. Ó ronú fún èkejì. Ó ní nílé, aṣọ tó bá gùn wálẹ̀ jù ló ń yára gbé omi. Kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, kí ìgò lọ sí ìsàlẹ̀. Jẹ́láàní mú ọ̀bẹ, ó ń gbẹ́lẹ̀. Sàdíátù fa gèlè náà wálẹ̀ sí i. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kì í ṣe kíkán mọ́, ó ti di okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ìgò kan kún, èkejì ti kọjá ìdajì, ẹ̀kẹta ṣófo.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ti kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu ni wọ́n fi fa omi láti inú igi ìbẹ́pẹ, wọ́n sì tu ú sínú ìgò. Adájọ́ dà á sínú ife, ó gbé e dé ètè, ó wo ẹnu ọmọ mẹ́rin tó yí i ká, ó rọra sọ ife kalẹ̀. Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ náà pẹ̀lú. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti fi ìda oyin tí wọ́n rí lára igi ọdán lẹ igi ìbẹ́pẹ méjì pọ̀, ó tẹ̀ bí orúnkún, omi ń gba inú rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ìgò méjì ló kún fún wọn, omi náà sì mọ́. Àwọn ló gba ipò kìíní. Adájọ́ mu omi Ifangni tán, ó nu irùngbọ̀n.

"Gèlè yìí mọ́," ló wí. "Ipò kejì."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá padà, àwọn ọmọ kọrin títí ohùn Jẹ́láàní fi ki pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé Ifangni, tí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, Philomène dúró níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, oṣù kẹwàá ńkọ́?"

Ó nu awò rẹ̀. "Bon. Ipò kejì kì í ṣe ipò kìíní."

"Ẹ ò sọ ti ipò kìíní, Ọ̀gá. Ẹ ní bí wọn ò bá dójú tì wá."

"Àwọn òbí á ní obìnrin ò lè káwọ́ àwọn ọmọkùnrin ńlá wọ̀nyẹn."

Philomène nawọ́ sí ojú ọ̀nà. Níbẹ̀, Jẹ́láàní ń lọ sílé Véronique, gèlè tútù náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé, bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Véronique ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Sàdíátù ń kọ́ ọ ní òmíràn. Bàṣírù ní òun náà á kúnlẹ̀, tí wọ́n bá lè fún òun ní oúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀. Dieudonné ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà.

"Wọ́n jókòó sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń sáré," ló wí. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í ní èjìká. "Ajá. Wọ́n ní kí wọ́n mú ajá wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Mo ṣèlérí fún ọ lójú gbogbo olùkọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Bon. Kó àwọn ìwé kíláàsì ńlá lọ sílé nígbà ìsinmi, kí o kà wọ́n."

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, Philomène bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíláàsì ńlá ní Ifangni. Olùkọ́ ọkùnrin kan láti Pobè ló gba àwọn ọmọ kéékèèké.